Òtílì Ìyá Kíkẹ́

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ṣe ń rí lára ènìyàn, ẹ wá sí Múṣín, kí ẹ béèrè Làbákẹ́ aránṣọ, ìyá Kíkẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ ló gbé e wá sí Èkó, ó sì ti pẹ́ nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí wọ́n ń gbé débi pé ariwo kò dí i lọ́wọ́ oorun mọ́. Oko nìkan ni kò kúrò lára rẹ̀. Kò lè rí ilẹ̀ lásán kó má gbin nǹkan sí i.

Ẹ̀yìn ilé ló ti rí ilẹ̀ tirẹ̀, ìwọ̀nba èyí tó wà láàárín ilé ìwẹ̀ àti ògiri. Ó gbin tòmátì àti kùkúńbà síbẹ̀. Ọ̀mu omi ni àwọn méjèèjì, kò sì sí òjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Làbákẹ́ ń gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Sìmíátù, ọmọ onílé, ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kan, níṣojú gbogbo ayálégbé, ó fi ẹsẹ̀ ti garawa Làbákẹ́, omi dà sílẹ̀ yàà.

“Omi yìí, fún mímu àti wíwẹ̀ ni,” ni Sìmíátù wí. “Èmi ni mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń fà á. Èwo wá ni ti gádìnì? Tó o bá fẹ́ dáko, Ògbómọ̀ṣọ́ ò jìnnà.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Làbákẹ́ ju omi lọ. Láìpẹ́, gbogbo ohun tó gbìn ti rọ, wọ́n ti gbẹ dànù. Àkàngbé ọkọ rẹ̀, tó ń jó irin lójú ọ̀nà, bẹ̀ ẹ́ títí.

“Inú bíbí ò da nǹkan, Ìyá Kíkẹ́. Sùúrù ni baba ìwà.”

“Sùúrù tí ẹ ń wí yẹn,” ni Làbákẹ́ fèsì, “ẹ lọ fi bomi rin tòmátì mi.”

Nígbà tó relé ní Ògbómọ̀ṣọ́, èso òtílì, irú ẹ̀wà kan tó ń so lórí igi, nìkan ló béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òtílì kì í bẹ ẹnikẹ́ni fún omi. Òjò tó bá bá a nígbà tó ń hù ti tó o; gbòǹgbò rẹ̀ á lọ wá ìyókù nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ewéko yòókù ń kú lọ, ìgbà yẹn gan-an ló ń yọ òdòdó. Làbákẹ́ gbìn ín lákọ́rọ̀ òjò. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ Sìmíátù mọ́. Ọwọ́ mẹ́rúwà ló ń ra omi ilé.

Ohun tó ń rò lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: kí gbogbo ilé jẹ oúnjẹ tí ẹ̀kán omi Sìmíátù kan kò sí nínú rẹ̀, kí abọ́ dé ẹnu ọ̀nà gbogbo yàrá, kó sì fo ti Sìmíátù. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá fò, wọ́n ti bú onílé rẹ̀ láìla ẹnu.

Òtílì so jìngbìnnì. Ó yẹ kó ká a ní tútù, nígbà tó ń tètè jinná, àmọ́ Làbákẹ́ kọ̀. Ó fẹ́ kí Sìmíátù máa rí i láti ojú fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fi í sórí igi títí èèpo rẹ̀ fi gbẹ tí èso ń mì nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó gbé ìkòkò ńlá kaná níta, ó ní kí gbogbo ayálégbé gbé abọ́ wá, ó sì fo Sìmíátù. Ó se é, ó da omi àkọ́kọ́ nù nítorí kíkorò. Ó tún bu omi sí i, omi gbẹ, òtílì le síbẹ̀. Ó tún bu sí i. Òtílì tí kò mu omi nínú oko wá ń mu ún nídìí ààrò, gbogbo kẹ́ẹ̀gì sì gbẹ. Àkàngbé wá mẹ́rúwà káàkiri àdúgbò, òfìfo ló gbé padà.

“Ìyá Kíkẹ́, ó ti ń jó o,” ni Motọ́lání tó ń gbé yàrá kejì wí, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

Làbákẹ́ fẹ́ dà á nù. Ṣùgbọ́n àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ló yí i ká yìí, ebi sì ń pa wọ́n. Ó mú garawa, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

“Àǹtí Sìmíátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi díẹ̀.”

Ó ti gbára dì fún èébú. Sìmíátù kò bú u. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó pọn omi kún garawa, ó gbé e ka orí ara rẹ̀, ó la àárín èrò kọjá, ó sì dà á sínú ìkòkò. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ Làbákẹ́, ó rò ó, ó tọ́ ọ wò.

“Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀,” ló wí, ó sì lọ pọn òmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ ni òtílì tó jinná. Abọ́ Sìmíátù ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí Làbákẹ́, ó sì bù ú kún, nítorí ojú gbogbo ilé wà lára rẹ̀. Làbákẹ́ nìkan ni kò jẹ. Gbogbo àwọn yòókù yó, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Sìmíátù.