Ẹni Tó Kágò

Nígbà tí rélùwéè ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, bàbá Kàmál ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù, kò sì sí ẹlẹ́nu dídùn tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìlẹ̀kùn náà ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, àmọ́ ìlẹ̀kùn ti Kàmál kò ṣeé fọwọ́ kàn. Láti yàrá ẹ̀yìn nílé wọn, òun àti àwọn ará òkè òkun jọ ń kọ òfin tí búráúsà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé: kí áàpù kankan, ì báà jẹ́ èyí tí a fọkàn tán, tó fọwọ́ kan fáìlì onífáìlì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè.

Òun ni wọ́n ní kó kọ ìbéèrè náà ní Yorùbá. “Ṣé o gbà kí áàpù yìí wọ inú fáìlì rẹ?” Ó kà á títí, ó ń dún bí ìwé ilé ẹjọ́. Ló bá pa á rẹ́, ó kọ “Àgò o!” Ibi méjì ló wà láti tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: “Àgò yà” àti “Rárá”. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn lóòótọ́.

Julianah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Iléṣà, ló ń bá wọn fi iṣẹ́ náà han àwọn àgbà láti dán an wò. Ó pè é lórí fóònù.

“Kàmál, ta ló ń kágò tí wọ́n ń dá a lóhùn pé rárá? Àgbà méjìlá ni mo kó jọ ní Ìpetu, kò sẹ́ni tó tẹ rárá.”

“Ìyẹn ni pé ó yé wọn, mà.”

“Kò yé wọn. Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń lò. Ẹni tí mo ní kó wọlé wá kí mi, ṣé mo ní kó palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ni? Ẹ jẹ́ kó tún béèrè kó tó yí nǹkan padà.”

“Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà náà! Àlejò kì í kágò lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan, mà.”

Kàmál fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì fi búráúsà tí wọ́n ń dán wò náà sórí kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀, Àdíját. Ti Kifayat ni kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀, àbúrò Kàmál tó kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ mọ́kànlélógójì tó gbà sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí Wasáàpù. Tí Àdíját bá ti kírun Alásárì tán, á ṣí ẹyọ kan, á gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Fóònù tí ìyá fi gbà wọ́n ti bàjẹ́, kò sì sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Ojoojúmọ́ ni Kàmál ń sọ pé òun á dà á kọ. Ẹni tó ń ṣòfin fáìlì fún gbogbo ayé kò ráyè ti ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, ẹnìkan fi áàpù kan ránṣẹ́ sínú Wasáàpù ẹbí, wọ́n ní ó ń mú kí ohùn tó ti gbó dún kedere. Àdíját ṣí i. Áàpù náà kágò, ìyá dáhùn pé àgò yà. Kò béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí yóò fi wọ ìbòjú ìrun rẹ̀ tán, gbogbo ohùn náà ti pa rẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Kàmál fi wá a. Kò rí ẹyọ kan.

“Ó kágò, mo dá a lóhùn,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Kí ni mo ṣe tí kò dáa?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màámi. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn.”

Àdíját fèsì. “Abájọ. Bí mo ṣe kà á, àfi bíi pé ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ni mo ṣe ní kó wọlé.”

Ì bá sàn fún Kàmál kí ìyá rẹ̀ bú u. Ó kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí áàpù sì máa béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Julianah kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní kó bá òun tu ìyá nínú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Rùkáyà aládùúgbò dé pẹ̀lú abọ́ sàárà, bó ti ń ṣe láti ogún ọdún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Àgò onílé o.”

Àdíját fẹ́ sọ pé àgò yà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Kàmál, ṣé kí n dá a lóhùn?”