Bàbá Tóyìn, Òpó Yín Kò Tíì Ga Tó

Yéè! Bàbá Tóyìn, ó wá di gbére báyìí? Ó dìgbà kan ná, olówó orí mi, ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn tó wá fi ẹ̀rín gbà mí lọ́wọ́ àwọn òbí mi ní Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jókòó jẹun tán kí ẹ má dìde lọ wo ojú ọ̀run. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, oorun kò kùn mí. Bí ewé bá mì lásán, èmi náà á dìde.

Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ri òpó ẹ̀rọ yín mọ́ àgbàlá wa ní Ọ̀bà-Ilé, èyí tí ẹ ní yóò máa sọ afẹ́fẹ́ di iná mànàmáná, àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Fáànù Ọlọ́run. Orí igi ń mì lókè, ẹ̀rọ kò mira nísàlẹ̀. Mo ní, “Bàbá Tóyìn, afẹ́fẹ́ ti fẹ́ o.” Ẹ parí òwe náà fúnra yín, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Ẹ̀rọ kọ́ ló yọ̀lẹ, ibi tí mo gbé e sí ni. Òrùlé àti igi ń dá afẹ́fẹ́ lọ́nà.”

Bí ìjì bá dé, tí àwọn aládùúgbò ń kígbe pé iná òní á pọ̀, ẹ̀yin á sáré lọ dá ẹ̀rọ náà dúró kí apá rẹ̀ má baà kán. Ẹ máa ń wí pé ìjì kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín, afẹ́fẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró ni. Bí eruku ọyẹ́ bá lẹ̀ mọ́ apá náà, ẹ ó gbé àkàbà àti kànrìnkàn, ẹ ní ìdọ̀tí ń fa eré rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rù á máa bà mí, èmi á sì máa bínú. Ẹ̀yin á sì ké láti òkè pé, “Uṣẹ́ kù, Ìyá Tóyìn!”

Nígbà tó yá, ẹ gbé e lọ sórí àpáta ní Ìjù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa, níbi tí fíríìjì oògùn àjẹsára ti ń gbóná nígbàkígbà tí iná ìjọba bá lọ. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì da oògùn àwọn ọmọ nù, ẹ sunkún. Mo rí yín. Ẹ̀rọ yín mú iná wá, ṣùgbọ́n kì í dúró di òwúrọ̀. Ẹ ní àfi kí òpó náà ga ju àwọn igi tíìkì ibẹ̀ lọ. Irin tí ẹ ó fi kún un ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dá yín gúnlẹ̀. Títí ẹ fi dákẹ́, ohun tí ẹ ń bi mí lórí ibùsùn ni pé, “Ṣé wọ́n ti gbé e sókè?” Wọn kò tíì gbé e, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Àwọn ọmọ wa ní kí a tú u palẹ̀, pé ẹni tó ni ín ti lọ. Mo ní ó tì. Oògùn tuntun ti dé ilé ìgbẹ̀bí, kò sì lè dúró de ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ sàréè lónìí tí ẹ kò rí ẹyọ kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ yín, ẹ má bínú sí wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n má wá. Wọ́n wà ní Ìjù, wọ́n ń gbé òpó yín sókè.

Èsì ìbéèrè yín nìyẹn, olówó orí mi. Ẹ sùn re o.