Gbé-e-kúrò àti Àga Tó Há Sẹ́yìn Ògiri

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Gbé-e-kúrò ni àwọn káfíńtà àti àwọn akunlé ń pè é, nítorí kò sí ilé tó wọ̀ tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe, “Èyí, ẹ gbé e kúrò.” Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún inú ilé àwọn olówó ṣe. Ìwọ tí o bá rò pé olówó a máa fẹ́ kí ilé òun kún, o ò tíì rí olówó òde òní. Owó gọbọi ni wọ́n ń san kí pálọ̀ wọn lè ṣófo bí àwo ẹni tó ti jẹun tán. Èmi fúnra mi kò mọ ilé ìwé ju kí n gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ, èmi ni mo kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, kò sì sí ìwé nípa ilé tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí n kò kà dé ẹ̀yìn. Bí mo bá ní ọmọ yìí mọṣẹ́, ẹni tó mọ̀ ló ń sọ ọ́.

Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn tó ń gbé inú ilé. Bó bá ti parí iṣẹ́ báyìí tó yí ẹ̀yìn padà, onílé á bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù wọlé. Ó padà lọ kí àwọn kan rí, ó bá kẹ̀kẹ́ ọmọdé lórí tábìlì mábù. Ó sunkún lọ́jọ́ náà débi pé wọn kò nílò omi láti fi nu ilẹ̀.

Ilé kan wà tó fi gbogbo ara ṣe. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ló ni ín, ìyá ọkọ sì ń bọ̀ wá bá wọn gbé nítorí orúnkún rẹ̀. Obìnrin agbaṣẹ́ṣe kan, tó ń kọ́ ilé tà, ti sọ fún ọmọ mi pé òun yóò wá wo pálọ̀ náà. Bó bá wu òun, gbogbo ilé tí òun ń kọ́ lọ́wọ́, ọmọ mi ni yóò tún inú wọn ṣe. Láti ìgbà yẹn ni Gbé-e-kúrò kò ti gbádùn oúnjẹ mọ́.

Ògiri ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ gidi. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì fi sáńpépà fá a títí ó fi ń dán. Eṣinṣin kan bà lé e níṣojú mi, ó yọ̀, ó ṣubú, ó sì ń tiro lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ẹrù ìdílé náà pa mọ́ sí. Ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń fi tì í kó tó ṣí. Kí ojú má baà rí i, ọmọ yìí ní kí etí ilẹ̀kùn bá ìlà táìlì mu, kí ìlà náà ti ilẹ̀ gun ògiri lọ bí okùn kan. Ìbú táìlì kan péré ló fún un, ó ní méjì á ti fẹ̀ jù.

Kí wọ́n tó gbé ògiri yìí dìde, àga Màmá, ìyá ọkọ, tí wọ́n ti gbé ṣáájú rẹ̀ wá, ti wà ní igun yẹn. Ìyàwó ilé ní kí wọ́n ṣì fi í síbẹ̀ ná, kó má baà gba àyè ní pálọ̀. Gbé-e-kúrò tí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀, ọjọ́ kan tó ní “ẹ fi sílẹ̀” nìyẹn. Wọ́n kọ́ ògiri dí àga mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe ń bọ̀ gan-an ni Màmá dé. Ó wo pálọ̀ yíká.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ ń kó ẹrù dé?”

“Màmá, ó ti parí,” ni ọmọ rẹ̀ dáhùn.

“Kí ló parí? Ṣé olè jà yín ni?”

Wọ́n fi í jókòó sórí àga gbọọrọ kan aláwọ̀ eérú, tó rẹlẹ̀ débi pé orúnkún ẹni tó bá jókòó sí i á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ọkọ fà, ìyàwó tì, ó tún jìn padà sínú rẹ̀.

“Àga mi dà?” ni Màmá bi wọ́n.

Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo Gbé-e-kúrò, Gbé-e-kúrò wo ògiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, ó ṣí. Àga wà nínú lóòótọ́, ó ga, ó fẹ̀, ó wúwo bí òkúta ọlọ mẹ́wàá. Káfíńtà gbé e ní òòró, ó gbé e ní ìbú, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò gba ẹnu ọ̀nà jáde.

“Tú u,” ni Gbé-e-kúrò wí.

“Aǹtí, kò sí ìṣó kan lára ẹ̀. Igi ni wọ́n ki bọ inú igi. Tí mo bá tú u, igi ìdáná ló dà yẹn.”

Ìgbà yẹn ló pè mí lórí fóònù: “Bàbá, ẹ máa bọ̀ kíá, ẹ bá mi bẹ Màmá.” Èmi tí mo ti parí ìjà àdúgbò mẹ́ta láàárín ọ̀sán kan, mo lọ.

“Ìyá,” ni mo wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àlejò tó ń bọ̀ yìí wá, kó sì lọ ná.”

“Bàbá, ṣé ẹ ti jókòó sórí nǹkan yìí? Ẹ jókòó ẹ wò ó.”

Mo jókòó. Ẹni méjì ló fà mí dìde. Nígbà èwe mi, àpò sìmẹ́ǹtì méjì-méjì ni mò ń gbé o!

“Ẹ rí i?” ni Màmá wí. “Ẹ gbé mi padà sílé mi. Mo máa ń dá dìde níbẹ̀.”

“Ẹ gé ògiri yẹn!” ni ọmọ rẹ̀ pariwo.

“Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi,” ni ọmọ mi wí. “Tí àlejò bá ti lọ tán, màá gé e fúnra mi.”

Kò pẹ́ tí Màmá fi rọra pe Gbé-e-kúrò tó dúró nítòsí rẹ̀. “Ọmọ mi, fà mí dìde, mo fẹ́ lọ tọ̀.” Ó ki ọwọ́ sí i lábẹ́ abíyá. Àkọ́kọ́, kò ṣeé ṣe. Gèlè Màmá já bọ́. Nígbà tó dìde tán, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Ìgbà tí mo ń kọ́ ìrìn ni wọ́n gbé mi báyìí kẹ́yìn,” ló wí.

Ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ kiri lára ògiri funfun, nítorí ìyẹn náà kò ní ọwọ́. Ọmọ mi sáré ṣí i fún un. Ó padà wá bá káfíńtà.

“Gbé ayùn wá.”

“Kí n gé e ni?”

“Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ. Gbé e fún mi.”

Ó gé e. Eruku pákó bo gbogbo wa bí ìyẹ̀fun. Àga ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, ni agbaṣẹ́ṣe wọlé.

“Ṣé ògiri tí wọ́n sọ fún mi nìyí?”

“Òun ni, Mà.”

“Ta ló gé e?”

“Èmi ni, Mà. Àga Màmá ló há sẹ́yìn ẹ̀.”

Obìnrin náà tọ ipasẹ̀ ìlà táìlì láti ilẹ̀ dé ibi tí ayùn ti já a. “Ọwọ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n ilé títà ni mò ń kọ́. Mi ò lè máa gé ògiri nítorí ìyá gbogbo ẹni tó bá rà á.” Ó gbọn eruku dànù láṣọ, ó lọ.

“Ta nìyẹn?” ni Màmá bèèrè. “Kò tiẹ̀ jókòó.”

“Màmá, ibo ni kó jókòó sí?” ni káfíńtà fèsì.

Iṣẹ́ ilé wọ̀nyẹn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n tún ògiri ṣe, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti di táìlì méjì, gbogbo àlejò ló ń yìn ín. Ọmọ mi nìkan ni kò lè wò ó. “Bàbá, mo wọn ògiri, mo wọn ilẹ̀kùn. Mi ò wọn àga. Ẹ má sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀ o.”

Lánàá ló lọ bá tọkọtìyàwó tuntun kan sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kó tó fa ìlà kan, ó ti ń bèèrè: ta ló ń bọ̀ wá bá yín gbé? Wọ́n ní kò sí. Ìyá yín ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Àga wo ni wọ́n máa ń jókòó sí? Ni ọkọ bá bínú, ó ní ìyá òun ló ń bú, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ.

Ọmọ mi dé, ó ju téèpù ìwọ̀n rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó jókòó.

“Ó ní kí n fi ìyá òun sílẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ dé ná. Á pè mí.”