Kòkòrò Onírù Mẹ́ta Inú Odò Wa

Omi kànga ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní Sakété. Nígbà tí mo wá ṣe ìyàwó ní abúlé kan ní ìhà Igana, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Faransé ká àsíá wọn lọ, odò ni mo bá. Kòkòrò ń rìn nínú omi tí wọ́n ní kí n mu! Mo fajú ro. Ìyá ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìyàwó, ibi tí àwọn yẹn bá ń gbé ni omi ti dára, ibẹ̀ ni à ń pọn." Aṣọ funfun ló fi ń sẹ́ wọn kúrò.

Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Mo máa ń dà wọ́n sínú àwo tánganran tí omi wà. Ìrù wọn mẹ́ta, tín-ín-rín. Ohun kan bí ewé wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn wọn, ó ń jù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìsinmi, òun ni wọ́n fi ń mí. Abẹ́ òkúta ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọn a máa họ èéhọ̀n, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára òkúta, jẹ, wọn a máa bọ́ awọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan bọ́ awọ tirẹ̀ tán, ó hu ìyẹ́, ó sì fò lọ lójú mi. Kàyéfì!

Lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo pọn omi dé láàárọ̀. Ìyá sẹ́ ẹ, ó ju aṣọ náà sí mi, ó tẹ́ ọmọ sórí itan kó lè rọ ọ́ lómi bí a ti ń ṣe nílé wa: a ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹnu ọmọ, omi a sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Mo gbọn aṣọ sínú àwo. Gbogbo kòkòrò náà dojú ikùn sókè. Kò sí èyí tó ń mí nínú wọn.

"Ìyá, ẹ dúró!"

"Èmi lò ń jágbe mọ́?" Ó sún ọwọ́ mọ́ ẹnu ọmọ.

N kò mọ ìgbà tí mo gbá ọwọ́ náà dànù. Omi fọ́n sílẹ̀, ọmọ figbe ta.

Yéè! Ta ní í gbá ìyá ọkọ lọ́wọ́? Ó dìde, ó gbé ọmọ mi mọ́ àyà, ó ní màá padà sí Sakété lónìí, ọmọ kò sì ní bá mi lọ. Mo ń nàka sí àwo. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Àfi bí àbúrò ọkọ mi ṣe wọlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín, agbọ̀n ẹja lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ da ewé apẹja, èyí tí oró rẹ̀ ń pa ẹja, sódò gbọ́dọ̀ kéde fún àwọn obìnrin lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n lè pọn omi pamọ́.

Mo bi í pé, "Ta lẹ sọ fún?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun rò pé omi àná ṣì wà nílé.

Ìyá wo ẹja. Ó wá wo àwo, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Kúnlẹ̀," ó sọ fún mi. "O gbá mi lọ́wọ́."

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Ó na ọmọ sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọ àti ọwọ́ náà ni mo dì mú pọ̀.