Ìwé Tí Abórìṣàdé Fọwọ́ Sí

Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ló mọ̀ pé aláàánú èèyàn ni Abórìṣàdé, fọ́mánì wọn. Lọ́dún 1977, àánú yẹn gan-an ló kó bá a.

Kúnbi, ọmọbìnrin Èkìtì kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ṣì wà nínú oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Kọ́ńpìnnì kì í sì í fún ẹni tí wọ́n ń dán wò láyè ìsinmi. Abórìṣàdé ní, "Lọ sin bàbá ẹ. Ọjọ́ mẹ́ta péré." Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, mánéjà rí i pé kò sẹ́ni nídìí ẹ̀rọ Kúnbi. Ẹ̀rù ba Abórìṣàdé, ó ní òun kò mọ ibi tí Kúnbi wà. Wọ́n kọ ọ́ síwèé, ó fọwọ́ sí i. Kí Kúnbi tó dé, wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń parí aáwọ̀ iṣẹ́. Wọ́n ka ìwé náà, Abórìṣàdé jókòó síbẹ̀, kò lanu. Kúnbi náà tẹrí ba, kò sọ ẹni tó ní kóun lọ. Ìgbìmọ̀ dá kọ́ńpìnnì láre.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu Abórìṣàdé mọ́. Tó bá rí Kúnbi tó ń wáṣẹ́ kiri ní Òṣòdì, á yára sọdá sí òdìkejì títì. Ó jẹ̀bi, ó sì mọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí ilé ẹjọ́ yẹ ìdájọ́ ìgbìmọ̀ wò, ó pinnu pé bíṣẹ́ máa bọ́, kó bọ́, òun á sọ òtítọ́.

Adájọ́ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà. Ó ní àwọn kò jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ lákọ̀tun. Bóyá ìgbìmọ̀ tẹ̀lé òfin nìkan làwọn ń wò, látinú ohun tó wà lákọsílẹ̀.

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ ń gbọ́ ẹjọ́?"

"Mo wà níbẹ̀, Olúwa mi."

"Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Ti Abórìṣàdé bá a lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn ti tì.

Níta, Kúnbi kúnlẹ̀ kí i. Ojú ti Abórìṣàdé dé egungun.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ìgbìmọ̀ pé èmi ni mo ní kó o lọ?"

"Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá. Mi ò lè wojú yín kí n ní ẹ purọ́. Ẹ̀yin ni mo ń retí pé kẹ́ ẹ sọ ọ́."