Nígbà Tí Ohùn Kóòṣì Ọláwuyì Há

Bó bá jẹ́ pé ariwo ni wọ́n fi ń gba ife ẹ̀yẹ, ife ì bá ti lé Kóòṣì Ọláwuyì jáde nínú ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú. Àwọn ọmọbìnrin ló ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù, òun náà ni wọ́n sì ní kó ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jọ, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, kí àwọn tó ń yan ikọ̀ orílẹ̀-èdè fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè wá wò wọ́n.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣà wọ́n kò le. Ọmọ tó bá ga, ó wọlé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá fi jíìpù gbé wá, òun náà ga. Dùnsìn, ọmọ máníjà ilé-iṣẹ́ kan, ló fi ṣe balógun wọn. Dùnsìn kì í ṣe ọmọ burúkú. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Kúbúrá, ọmọ apẹja láti Ẹ̀pẹ́, kúrú, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ wá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í fẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kóòṣì gbà á nítorí wọ́n ní ó pọn dandan kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìgbáradì, Kóòṣì pariwo sí i pé, “Gbé e fún Dùnsìn!” Kúbúrá kò tilẹ̀ wojú rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

“Ṣé o ò gbọ́ mi ni?”

Ọmọ náà kúnlẹ̀. “Mo gbọ́, sà. Ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá mi ń pariwo jù yín lọ, síbẹ̀ a máa ń rí ẹja pa.”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì ní àfojúdi gbáà ni, orí bẹ́ǹṣì ni yóò máa jókòó sí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́, olórí àwọn tó ń yan ikọ̀, wá wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ọmọ ìlú mìíràn gbá a. Ọláwuyì wọ kóòtù dúró nínú oòrùn. Bọ́ọ̀lù kan Dùnsìn.

“Ọ̀tún!” ni Kóòṣì ké. Dùnsìn yà sọ́tùn-ún.

“Òsì!” Ó yà sósì.

“Padà sẹ́yìn!”

Ọmọ onígbọràn yí bí òkòtó, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ó ṣubú. Àwọn alátakò gbé bọ́ọ̀lù, ó di góòlù. Ọláwuyì lanu láti fi igbe bọnu, àfi fìì bíi táyà tó ń jò. Ohùn ti há. Ó kàn nawọ́ sí Kúbúrá, torí òun nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì.

Pápá wá pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ara wọn. Wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ, wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn bí ẹni ń pín àkàrà. Kúbúrá gbá méjì wọlé, wọ́n sì borí.

“Kóòṣì, kí lẹ yí padà?” Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ bèèrè.

“Ọgbọ́n ni, mà,” Ọláwuyì fi èémí sọ ọ́. “Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni.”

“Ẹ káre. Ẹ má jẹ́ kí ohùn yín tètè padà o.”

Ìyáàfin náà mú Kúbúrá, ọmọ náà sì sunkún ayọ̀. Ó mú Dùnsìn náà, tòun ti ẹsẹ̀ rírọ́, torí ọ̀gá kan láti òkè ti pè é lórí fóònù pé kó mú un.

Nílé, Ọláwuyì ń mu omi gbígbóná olóyin, ó ń sọ fún Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ bí òun ṣe fi ọgbọ́n dákẹ́.

“Ọgbọ́n yẹn dáa o, Dádì,” ni Títílọpẹ́ wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lò ó nílé náà.”