Àwòrán Èéfín Tí Ìyàwó Mi Kò Yà

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ìyàwó mi ti yà ní fọ́tò rí. Obìnrin tó jẹ́ pé bí ó bá ya ènìyàn mẹ́ta, orí ẹnì kan á ti dàwátì, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá láàrin àwa ayàwòrán báyìí.

Ẹgbẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti àwa tí a fẹ́ràn kámẹ́rà láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè títí dé etí omi. Nígbà kan, oníkálùkù ń da fọ́tò síbẹ̀ bí ẹni da gàrí sórí ẹní. Olùkọ́ yunifásítì kan tilẹ̀ ń gbé ewúrẹ́ kan ṣoṣo síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́: ewúrẹ́ dúró, ewúrẹ́ dùbúlẹ̀, ewúrẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wa. Dátà àwọn ará Ibiade létí omi tán, wọ́n fárígá. Ni àwọn alábòójútó bá ṣòfin: àwòrán kan fún ẹnì kan lọ́sẹ̀, kí ó sì fúyẹ́ dé ìwọ̀n tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì etí omi lè gbé. Ẹni tó bá fi orúkọ méjì gbé àwòrán wọlé, òun àti ẹni tó yá a lórúkọ, ìta ni wọ́n ń lọ. Ní alẹ́ Fúráìdé, wọ́n á yan àwòrán ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ẹni tó ni ín á kó wa lọ síbi tó ti yà á.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ẹgbẹ́ yìí, wọn ò yàn mí rí. Ó ń dùn mí, n ò ní purọ́.

Lọ́sẹ̀ kan, mo lọ sí Òde-Omi, mo sì mú àwòrán méjì bọ̀ tí n kò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan ni ti àwọn ọmọ iléèwé nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Èkejì ni ti ìyá kan tó ń yan ẹja, tí oòrùn la èéfín rẹ̀ kọjá. Ìyàwó mi wà nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò ju kí ó máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yá mi ní àyè tirẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa, Bàbá Ìbejì. Àmọ́ ohun tó bá jáde lórúkọ mi, tèmi ni o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀, tó dára jù lójú mi, ni mo fi sórúkọ ara mi. Mo fi èéfín sí tirẹ̀.

Nígbà tí Fúráìdé dé, èéfín ni wọ́n yàn. Lábẹ́ ọkọ̀ tèmi, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀; ó ń béèrè bóyá ọkọ̀ náà máa ń dé Ẹ̀pẹ́. Lábẹ́ èéfín ńkọ́? Ìyìn lórí ìyìn. Wọ́n bi ìyàwó mi bó ṣe rí i yà, ó sì kọ ọ́ pé òun ní sùúrù fún èéfín títí ó fi gba òun láàyè. Sùúrù wo? Èmi tí mo ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà, tí omi bo ojú mi, tí n ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo tẹ kámẹ́rà.

Mo ní mo máa sọ òtítọ́ fún wọn. Ìyá Ìbejì ní kí n sọ ọ́, kí n ṣáà rántí pé àwa méjèèjì ni wọ́n máa lé. Mo gbé fóònù mi sílẹ̀. Mo wá bi í pé kí ló fẹ́ wí ní Òde-Omi, òun tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kámẹ́rà.

"Ẹ ó kúkú wà níbẹ̀," ló dá mi lóhùn. "Ta ni yóò bá mi gbé báàgì?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé báàgì. Mo gbé agboòrùn pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nípa lẹ́ńsì, ìyàwó mi á nawọ́ sí mi, á ní irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Bàbá Ìbejì ló wà. Mo ń ṣàlàyé, wọn ò gbọ́. Òun ni wọ́n ń wò. Bí a ti dé ibi ẹja, ìyá ẹlẹ́ja rí mi, ó pàtẹ́wọ́.

"Bọ̀dá, ikọ́ ọjọ́sí ti lọ?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àyà mi já, inú mi sì dùn díẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ìyàwó mi ti fèsì.

"Ó ti lọ, Mà. Mo ti sọ fún Bàbá Ìbejì kí wọ́n má tẹ̀lé mi wọnú èéfín mọ́."

Ìyá náà wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí ẹja rẹ̀ padà.

Wọ́n wá fẹ́ ya ìyàwó mi fún ojú ewé ẹgbẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé kámẹ́rà sójú, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wà nínú àwòrán Màmá."

Mo sún. Ó ní kí n tún sún. Mo ń sún lọ títí omi ọ̀sà fi wọ bàtà mi.